Ta Ni Ó Kọ́kọ́ Sọ Ọ́? Ìtọ́sọ́nà fún Olùkọ́ Social Studies ní Èkó Lórí Wíwá Ohun Èlò Ìkọ́ni Lórí Íntánẹ́ẹ̀tì àti Yíyẹ̀ Wọ́n Wò

Olùkọ́ Social Studies ní Èkó kò ṣaláìní ohun kíkà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Bí ó bá tẹ àkòrí ẹ̀kọ́ rẹ̀ sínú Google lórí fóònù, lẹ́sìn nóòtì tí yóò jáde yóò pọ̀ ju èyí tí ó lè kà tán ní ìrọ̀lẹ́ kan lọ. Ohun tí ó ṣòro ni pé ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ àdàkọ ara wọn: ẹnì kan kọ ọ́ ní ọdún pípẹ́ sẹ́yìn, ẹlòmíràn dà á kọ, àṣìṣe ẹni àkọ́kọ́ sì ń ti ojú-ewé kan bọ́ sí òmíràn títí yóò fi wọ inú ìwé ọmọ tí ó jókòó sí kíláàsì ní Ìsàlẹ̀ Èkó tàbí ní Yábàá. Nítorí náà, ìbéèrè kan ni mo fẹ́ kí ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi máa bi gbogbo ohun tí ẹ bá rí, ìbéèrè náà ni pé ta ni ó kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ yìí, báwo ni ó sì ṣe mọ̀ ọ́n. Àwọn ìgbésẹ̀ tí ó tẹ̀lé e yìí fi ọ̀nà tí ẹ lè gbà dáhùn rẹ̀ hàn.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ sọ àkòrí di ìbéèrè kí ẹ tó tan dátà

Ẹ gbé sikíìmù táàmù yín síwájú kí ẹ tó fọwọ́ kan fóònù. NERDC, ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tí ó ń ṣe kòríkúlọ̀ọ̀mù, ti ṣe àtúnṣe sí iṣẹ́ yìí ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ìgbà kan wà tí wọ́n kó Social Studies, ẹ̀kọ́ nípa ojúṣe ọmọ ìlú, ẹ̀kọ́ ìsìn àti ẹ̀kọ́ ààbò pọ̀ sábẹ́ orúkọ kan ṣoṣo, Religion and National Values. Lẹ́sìn nóòtì tí ó bá ẹ̀dà kan mu lè má bá ẹ̀dà tí ilé-ẹ̀kọ́ yín ń lò mu, bí ó ti wù kí ó dára tó. Ẹ mọ ẹ̀dà tí ó wà lọ́wọ́ yín ná, kí ẹ má baà fi wákàtí méjì kó ohun tí ẹ kò ní kọ́ ẹnikẹ́ni.

Lẹ́yìn èyí, ẹ sọ àkòrí náà di ìbéèrè tí a lè fi ẹ̀rí dáhùn. "Ìjọba ìbílẹ̀" fẹ̀ jù. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá béèrè pé ìjọba ìbílẹ̀ mélòó ni ó wà ní Ìpínlẹ̀ Èkó, ta ni ó sì dá wọn sílẹ̀, ẹ ti rí òṣùwọ̀n tí ẹ ó fi wọn ojú-ewé yòówù tí ó bá yọ. Ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 ka 20 fún Èkó nínú 774 tí ó wà káàkiri orílẹ̀-èdè. Ní ọdún 2003, ìjọba ìpínlẹ̀ fi òfin tirẹ̀ dá 37 sí i sílẹ̀. Ní ọdún 2004, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ sọ pé ìpínlẹ̀ ní agbára láti ṣe òfin bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n pé iṣẹ́ náà kò tíì parí níwọ̀n ìgbà tí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àpapọ̀ kò bá tíì ṣe ipa tirẹ̀. Àwọn 37 yìí ni a wá mọ̀ sí LCDA, ìyẹn Local Council Development Area. Ọmọ tí ó ń gbé ní Yábàá ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ pátákó Yaba LCDA nígbà tí ó bá ń lọ sí ilé-ẹ̀kọ́. Bí ẹ bá sọ fún un pé 20 ni, tí ẹ kò sì ṣàlàyé, yóò rò pé ìwé yín kò mọ àdúgbò òun. Bí ẹ bá sì sọ pé 57 ni, gẹ́gẹ́ bí àwọn ojú-ewé kan ti kọ ọ́, ìdánwò ni yóò ti jìyà rẹ̀. Ojú-ewé tí ó bá ṣàlàyé nọ́ńbà méjèèjì, tí ó sì sọ ẹni tí ó ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, ni kí ẹ mú.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ kọ́kọ́ lọ sí ibi tí ọ̀rọ̀ ti ṣẹ̀

Kí ẹ tó ka ohun tí ẹnikẹ́ni sọ nípa ìwé òfin, ẹ ka ìwé òfin náà fúnra rẹ̀, nítorí ọ̀fẹ́ ni ó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Orí Kẹrin rẹ̀, láti abala 33 dé 46, ni ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn wà, èdè ibẹ̀ kò sì le tó bí ọ̀pọ̀ olùkọ́ ti rò. Abala kan ṣoṣo tí ẹ bá tẹ̀ sórí pépà, tí àwọn ọmọ sì kà sókè ní kíláàsì, sàn ju ojú-ewé mẹ́ta àlàyé tí kò lórúkọ lọ. Fún èsì ìbò, INEC ni kí ẹ tọ̀ lọ. Fún owó ọjà, iṣẹ́ àti òṣì, National Bureau of Statistics ni.

Fún ìtàn, ìwé UNESCO lórí ìtàn gbogbo Áfíríkà, General History of Africa, wà fún gbígbà lọ́fẹ̀ẹ́ ní ìdìpọ̀ mẹ́jọ àkọ́kọ́ rẹ̀, àwọn onímọ̀ Áfíríkà ni wọ́n sì kọ púpọ̀ nínú rẹ̀. Olùkọ́ ni mo dábàá rẹ̀ fún, kì í ṣe ọmọ JSS 1. Ti àwọn ọmọ ni àwọn ìtàn aláwòrán tí UNESCO kan náà ṣe nípa àwọn obìnrin inú ìtàn Áfíríkà, tí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti wà lára wọn. Archivi.ng ń kó àwọn ìwé ìròyìn Nàìjíríà àtijọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọmọ tí ó bá sì fi ojú ara rẹ̀ rí bí ìwé ìròyìn ṣe gbé ìṣẹ̀lẹ̀ kan ní ọjọ́ kejì rẹ̀ yóò mọ ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ẹni tí ó wà níbẹ̀ àti ẹni tí ó gbọ́. Digital Benin, tí ó jáde ní ọdún 2022, kó ju 5,000 iṣẹ́ ọnà Benin jọ, àwọn ohun tí ó fọ́n káàkiri àgbáyé lẹ́yìn tí ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì kó ìlú náà ní ọdún 1897, ó sì sọ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà. Fún àwòrán ilẹ̀, Google Earth tó: ẹ lè fi irinṣẹ́ ìwọ̀n rẹ̀ wọn afárá Third Mainland láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì, kí àwọn ọmọ sì wò ó bóyá yóò súnmọ́ kìlómítà 11.8 tí ìwé sọ.

N kò ka Wikipedia sí ọ̀tá. Ọ̀nà tí a ń gbà lò ó ni ó ṣe pàtàkì. Ẹ ka àròkọ náà láti mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe tò, kí ẹ wá sọ̀kalẹ̀ lọ sí ìsàlẹ̀ ojú-ewé níbi tí àwọn ìtọ́kasí wà, kí ẹ sì tẹ̀lé wọn jáde. Gbólóhùn tí kò ní ìtọ́kasí kankan lẹ́yìn kì í ṣe ohun tí a ń kọ sójú pátákó.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ mọ bí a ṣe ń béèrè lọ́wọ́ Google

Ohun mẹ́ta péré ni mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn níbí. Bí ẹ bá fi gbólóhùn sínú àmì àyọlò, ojú-ewé tí ó ní gbólóhùn náà gan-an ni Google yóò wá. Bí ẹ bá fi site:gov.ng kún un, yóò fi ìwádìí mọ sí àwọn ìkànnì ìjọba Nàìjíríà. Bí ẹ bá fi filetype:pdf kún un, ìròyìn odindi àti ìwé ìjọba ni yóò kó jáde dípò ojú-ewé onípolówó tí ń jẹ dátà.

Ní ti ìtàn Èkó, ẹ gbìyànjú ọ̀nà tí àwọn òyìnbó ìgbà náà gbà kọ orúkọ wa. Ìwé àdéhùn tí wọ́n fi gba Èkó ní ọjọ́ 6, oṣù Kẹjọ, ọdún 1861 kọ orúkọ Ọba Dòsùnmú ní Docemo. Ẹni tí ó bá ń fi Dosunmu nìkan wá a lè máà rí ìwé náà rárá. Ẹ sì wá a, nítorí ó kúrú, ó sì ṣe é kà nínú kíláàsì. Inú rẹ̀ ni wọ́n ti ṣèlérí owó ìfẹ̀yìntì fún ọba, àfikún tí wọ́n ṣe sí i ní ọdún 1862 sì fi owó ẹyọ ṣírò rẹ̀: 1,200 àpò lọ́dún. Àwọn ọmọ yóò béèrè ohun tí ó mú kí ọba gba irú nǹkan bẹ́ẹ̀, ìbéèrè yẹn gan-an ni yóò sì ṣí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ogun òyìnbó tí ó wà lójú omi àti ti òwò epo pupa.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ jáde kúrò nínú ojú-ewé náà kí ẹ tó gbà á gbọ́

Àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Stanford, Sam Wineburg àti Sarah McGrew, fi àwọn onímọ̀ ìtàn, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ́ yíyẹ òótọ́ ọ̀rọ̀ wò wéra lórí bí wọ́n ṣe ń ka ìkànnì tí wọn kò mọ̀ rí. Àwọn onímọ̀ ìtàn àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jókòó ti ojú-ewé náà, wọ́n ń wo bí ó ti rí. Àwọn tí ó máa ń yẹ òótọ́ wò kò pẹ́ níbẹ̀. Wọ́n ṣí ojú-ewé mìíràn, wọ́n wá ohun tí àwọn ẹlòmíràn ń sọ nípa ẹni tí ó ni ìkànnì náà, àwọn ni wọ́n sì tètè rí òtítọ́. Ṣíṣe ara lọ́ṣọ̀ọ́ kò sọ ẹnì kan di olóòótọ́: ìkànnì tí àwọ̀ rẹ̀ dára, tí ó ní àmì ẹ̀yẹ lókè, lè jẹ́ ti ẹni tí ó kàn ń wá owó ìpolówó. Ẹ da orúkọ ìkànnì náà sínú Google pẹ̀lú ọ̀rọ̀ "who runs", kí ẹ sì wo ohun tí yóò sọ. Africa Check àti Dubawa, àwọn ìkànnì tí iṣẹ́ wọn jẹ́ yíyẹ òótọ́ ọ̀rọ̀ wò, náà wà fún ọ̀rọ̀ tí ó ń jà ràn-ìn lórí WhatsApp.

Ìdánwò kíákíá kan wà tí ẹ lè fi mọ ìgbà tí a kọ lẹ́sìn nóòtì kan bí kò bá tilẹ̀ ní ọjọ́ lórí. Ẹ wo ohun tí ó sọ nípa Ọjọ́ Ìjọba Tiwa-n-tiwa: láti ọdún 2019 ni a ti ń ṣe é ní ọjọ́ 12, oṣù Kẹfà, nítorí náà èyí tí ó bá sọ pé ọjọ́ 29, oṣù Karùn-ún ni, ti pẹ́. Ẹ tún wo orin orílẹ̀-èdè: ọjọ́ 29, oṣù Karùn-ún, ọdún 2024 ni ìjọba dá orin àtijọ́ ti ìgbà òmìnira padà, tí wọ́n sì fi èyí tí a ti ń kọ láti ọdún 1978 sílẹ̀. Bí ojú-ewé kan bá kùnà nínú méjèèjì, kì í ṣe pé gbogbo ohun inú rẹ̀ ti bàjẹ́, ṣùgbọ́n ẹ ó mọ̀ pé kò sí ẹni tí ó ń tọ́jú rẹ̀ mọ́, gbogbo nọ́ńbà inú rẹ̀ ni ẹ ó sì tún yẹ̀ wò.

Àwòrán pẹ̀lú ń fẹ́ àyẹ̀wò. Àwòrán àtijọ́ ti Marina tàbí ti afárá Carter máa ń káàkiri pẹ̀lú ọdún tí ẹnì kan kàn fi sí i. Ẹ fi Google Lens tàbí TinEye wá àwòrán náà padà sẹ́yìn títí ẹ ó fi dé ibi ìkówèésí tàbí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tí ó ni ín, nítorí ibẹ̀ ni orúkọ ayàwòrán àti ọdún rẹ̀ máa ń wà. Bí ẹ kò bá rí ibẹ̀, ẹ lè lò ó, ṣùgbọ́n ẹ má kọ ọdún sábẹ́ rẹ̀.

Irú àyẹ̀wò kan náà ni ó tọ́ sí gbogbo gbólóhùn tí ó bá ní "ẹni àkọ́kọ́" nínú. Gbogbo ayé ni ó ń sọ pé Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti ni obìnrin àkọ́kọ́ tí ó wa ọkọ̀ ní Nàìjíríà; ẹ béèrè ìwé ìgbà náà tí ó fi ẹ̀rí rẹ̀ hàn kí ẹ tó fi ṣe ìbéèrè ìdánwò. Ìjà tí òun àti àwọn obìnrin Abẹ́òkúta jọ jà lórí owó orí ti tó láti fi kọ́ ọmọ, ẹ̀rí rẹ̀ sì pọ̀ rẹpẹtẹ.

Àpẹẹrẹ kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin: iye ènìyàn Èkó

Ká ní àkòrí yín ni iye ènìyàn. Ẹ wá iye ènìyàn tí ó wà ní Ìpínlẹ̀ Èkó nínú ìkànìyàn ọdún 2006. Nọ́ńbà mẹ́ta ni ẹ ó máa bá pàdé fún ìpínlẹ̀ kan ṣoṣo ní ọdún kan ṣoṣo: 9,013,534, 9,113,605 àti 17,552,942. Olùkọ́ tí ó ń kánjú yóò mú èyí tí ó kọ́kọ́ yọ, ẹnì kejì rẹ̀ ní kíláàsì òdìkejì yóò mú òmíràn, àwọn ọmọ yóò sì máa jiyàn lákòókò ìsinmi.

Ẹ tọ nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan lọ sí ilé rẹ̀. Èyí àkọ́kọ́ ni àjọ tí ó ń ka ènìyàn fún ìjọba àpapọ̀ kéde kí iṣẹ́ tó parí. Èkejì ni àjọ kan náà gbé jáde lẹ́yìn tí wọ́n yanjú àkọsílẹ̀ wọn, òun ni ó sì rọ́pò ti àkọ́kọ́. Ojú-ewé tí ó ṣì ń lo 9,013,534 dà á kọ láti inú ìwé tí ó ti di àtijọ́. Ẹ̀kẹta jẹ́ ti ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó, tí ó sọ pé òun ka àwọn ará òun fúnra òun lásìkò náà, tí kò sì gbà pé àjọ àpapọ̀ ka Èkó pé. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín wọn ju mílíọ̀nù mẹ́jọ lọ. Nínú ti àjọ àpapọ̀, Kano ju Èkó lọ díẹ̀; nínú ti Èkó, kò sí ìpínlẹ̀ tí ó súnmọ́ ọn.

Báwo ni a ó ṣe yàn? Ìwé òfin fi ọ̀rọ̀ ìkànìyàn sí abẹ́ àṣẹ ìjọba àpapọ̀ nìkan, nítorí náà 9,113,605 ni nọ́ńbà tí ìjọba ń lò, òun sì ni ọmọ yóò kọ bí ìdánwò bá béèrè. Ṣùgbọ́n ẹ má gbé ti Èkó pamọ́. Abala 162 ìwé òfin kan náà ka iye ènìyàn mọ́ ohun tí a ń wò bí a bá ń pín owó àpapọ̀, èyí ni ó fi jẹ́ pé kò sí ìjọba tí kò ní bìkítà nípa nọ́ńbà yìí. Ẹ kọ nọ́ńbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sójú pátákó, ẹ kọ orúkọ ẹni tí ó kà á sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì bi àwọn ọmọ pé àǹfààní wo ni ó wà nínú rẹ̀ fún olúkúlùkù bí nọ́ńbà rẹ̀ bá jẹ́ òótọ́. Ẹ̀kọ́ yìí yóò yé ọmọ ọdún méjìlá ju bí àgbà ti rò lọ. Ẹ sì rántí pé ìkànìyàn 2006 ni a ṣe kẹ́yìn. Nọ́ńbà yòówù tí ẹ bá rí fún ọdún tí ó tẹ̀lé e, ìṣirò ìfojúdíwọ̀n ni, ẹ sì gbọ́dọ̀ pè é bẹ́ẹ̀.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Bí ìtàn méjì bá ń jà, ẹ dárúkọ ẹni tí ó ni ọ̀kọ̀ọ̀kan

Ọ̀rọ̀ yìí kan olùkọ́ tí ó wà ní Erékùṣù Èkó gan-an, nítorí àwọn ọmọ ìdílé ọba àti ti ìjòyè ń jókòó síwájú rẹ̀. Lórí Aṣípa, tí ìdílé ọba Èkó ti ṣẹ̀, ìtàn Benin sọ pé ọmọ Benin ni ó jẹ́. Ìtàn àwọn Àwórì sọ pé ará Ìṣẹ̀rí ni, ẹni tí ó gbé òkú ìjòyè Benin kan lọ sílé tí ọba Benin sì fi dá a lọ́lá. Ojú-ewé tí ó bá sọ ọ̀kan bí ẹni pé kò sí èkejì ti yan ìhà kan láìsọ fún yín. Ẹ gbé méjèèjì wá, kí ẹ sọ pé "báyìí ni àwọn ti Benin wí" àti "báyìí ni àwọn Àwórì wí", kí ẹ sì rán àwọn ọmọ lọ béèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà nílé. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àpapọ̀ àti John Randle Centre wà ní Oníkàn, ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó sì lè fẹsẹ̀ rìn dé ibẹ̀. Íntánẹ́ẹ̀tì kò gbọ́dọ̀ di ìdí tí a kò fi ní lọ.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Ẹ wò ó bóyá ó bá ọmọ Nàìjíríà mu

Fídíò Amẹ́ríkà pọ̀, ó dára, ohùn inú rẹ̀ sì já gaara, ṣùgbọ́n ìjọba ibẹ̀ ni ó ń ṣàlàyé. Ìjọba aláàrẹ ni tiwa àti tiwọn, ìdí nìyẹn tí ewu rẹ̀ fi pọ̀: ohun tí ó jọra ni ó ń ṣini lọ́nà. Lọ́hùn-ún, sẹ́nẹ́tọ̀ méjì ni ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní, gbogbo wọn jẹ́ 100. Níbí, mẹ́ta ni ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní, ọ̀kan fún Abuja, gbogbo wọn jẹ́ 109, àwọn aṣojú-ṣòfin sì jẹ́ 360. Lọ́hùn-ún, àwọn aṣojú olùdìbò ni wọ́n ń yan ààrẹ. Níbí, ẹni tí ìbò rẹ̀ pọ̀ jù gbọ́dọ̀ tún ní, ó kéré tán, ìdá kan nínú mẹ́rin ìbò ní ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn ìpínlẹ̀ àti Abuja. Bí ẹ bá fẹ́ lo irú fídíò bẹ́ẹ̀, ẹ wò ó tán fúnra yín, kí ẹ kọ ìṣẹ́jú tí ẹ ó dá a dúró, kí ẹ sì sọ tiwa níbẹ̀.

Ẹ̀rọ ọlọ́gbọ́n àtọwọ́dá tí ń dáhùn ìbéèrè wúlò fún ríronú ìbéèrè kíláàsì àti fún mímú èdè rọrùn fún ọmọdé. Àmọ́ ó máa ń dá orúkọ ìwé àti ọdún sílẹ̀ láti inú afẹ́fẹ́, pẹ̀lú ìdánilójú. Ohunkóhun tí ó bá sọ fún yín gbọ́dọ̀ gba ìgbésẹ̀ kẹrin kọjá bíi ti ẹnikẹ́ni mìíràn.

Ìgbésẹ̀ keje: Ẹ tọ́jú ohun tí ẹ rí

Ìkànnì ìjọba máa ń pa rẹ́ lójijì, iná sì lè lọ ní àkókò tí ẹ nílò rẹ̀ jù. Bí ẹ bá ti rí ìwé kan tí ó dára, ẹ gbà á sórí fóònù ní kíákíá, kí ẹ sì fi àdírẹ́sì rẹ̀ sínú Wayback Machine ti Internet Archive, kí ẹ̀dà rẹ̀ lè wà níbẹ̀ bí ti àkọ́kọ́ bá pòórá. Kiwix, ètò kọ̀ǹpútà ọ̀fẹ́ kan, yóò jẹ́ kí ẹ gbé Wikipedia sórí kọ̀ǹpútà ilé-ẹ̀kọ́, kí àwọn ọmọ sì kà á láìsí dátà. Ẹ ṣe ìwé àkọsílẹ̀ kékeré kan fún àkòrí kọ̀ọ̀kan: orúkọ ohun tí ẹ rí, ẹni tí ó ṣe é, ọjọ́ tí ẹ wò ó, ìbéèrè tí ó dáhùn, àti ohun tí kò sọ. Olùkọ́ tí yóò gba kíláàsì náà lọ́wọ́ yín lọ́dún tí ń bọ̀ yóò dúpẹ́.

Ó ṣe é kà lọ́fẹ̀ẹ́ kò túmọ̀ sí pé ó ṣe é tẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ wo ìsàlẹ̀ ojú-ewé bóyá ó ní àṣẹ Creative Commons, èyí tí yóò sọ bóyá ẹ lè ṣe àdàkọ rẹ̀ àti bóyá ẹ lè yí i padà; bí kò bá sí, ẹ fi àdírẹ́sì rẹ̀ ránṣẹ́ dípò kí ẹ gé e lẹ̀ mọ́ ìwé tí ilé-ẹ̀kọ́ yóò tà. Orúkọ ẹni tí ó ṣe é kò gbọ́dọ̀ kúrò lára rẹ̀. Bí ìkànnì kan bá sì ní kí àwọn ọmọ fi orúkọ, ọjọ́ ìbí tàbí nọ́ńbà fóònù òbí wọn forúkọ sílẹ̀ kí wọ́n tó lè lò ó, ẹ̀yin ni kí ẹ forúkọ sílẹ̀, kí ẹ sì fi ohun inú rẹ̀ hàn wọ́n láti orí fóònù tàbí kọ̀ǹpútà tiyín.